Ṣé Ampiclox lè wo adìẹ tó ń wúkọ́?

Ìbéèrè: Dókítà, adìẹ mi ní Fọlá Agoro ń wúkọ́. Ṣé kí n tú Ampiclox sínú omi wọn?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u. Ìdílé pẹnisílìn ni Ampiclox. Kì í jẹ́ kí bakitéríà rí ògiri ara rẹ̀ mọ, títí yóò fi bẹ́. Ara adìẹ kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí oògùn náà fi ń dá adìẹ sí. Ṣùgbọ́n bakitéríà Mycoplasma, tó sábà máa ń fa ikọ́ adìẹ, kò ní ògiri rárá! Kí ni pẹnisílìn fẹ́ wó? Àrùn Newcastle, tí òun náà ń fa ikọ́, ńkọ́? Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kò gbọ́ oògùn yìí. Ẹ pe dókítà ẹran. Bó bá fún wọn ní oògùn, ẹ bi í ní ọjọ́ tí ẹyin wọn yóò tó ṣeé jẹ. Ẹ má tà á fún aládùúgbò ṣáájú ọjọ́ náà.