Ẹ̀kọ́ Lórí Inú Rírun: Bí Nǹkan Oṣù àti Àníyàn Ti Ń Mú Un Le

Bí obìnrin kan bá gbé iṣu láti oko Ọ̀kà lọ sí ọjà Ìkàrẹ́ lónìí láìkérora, tí ó sì tún gbé irú ẹrù kan náà ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí inú ń run ún tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn ará ilé rẹ̀ lè wí pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé ayé ni ó ń bá a jà. Ẹ̀kọ́ yìí yóò fi hàn pé ìrora náà ní ìdí nínú ara.

1. Ọ̀nà tí ìrora inú ń gbà. Bí ẹ̀gún bá gún ènìyàn lọ́wọ́, ó lè fi ìka kan ojú ibẹ̀ gan-an. Ti inú kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfun, àpò ìtọ̀ àti ilé ọmọ sún mọ́ ara wọn, ìròhìn wọn sì ń pàdé nínú ọ̀pá ẹ̀yìn kí ó tó dé ọpọlọ. Nítorínáà ni ìrora ilé ọmọ fi lè dàbí ti ìfun, tí ẹ̀yìn pẹ̀lú a sì máa dunni. Ọpọlọ ní agbára láti dín ìròhìn náà kù, tàbí láti sọ ọ́ di ńlá.

2. Iṣẹ́ họ́mónù. Họ́mónù ni oníṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri ara. Ernest Starling, onímọ̀ kan ní Ìlú Òyìnbó, ni ó kọ́kọ́ lo orúkọ náà ní ọdún 1905. Ilé ẹyin obìnrin ń pèsè oestrogen àti progesterone. Kóró ẹpọ̀n ọkùnrin ń pèsè testosterone, èyí tí ó dàbí ẹni pé ó ń bu omi tútù sí ìrora. Lẹ́yìn ìgbà tí ọmọ bá bàlágà ni inú rírun obìnrin máa ń pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ. Bí nǹkan oṣù bá kù sí dẹ̀dẹ̀, oestrogen àti progesterone a lọ sílẹ̀. Ilé ọmọ a sì tú ohun tí a ń pè ní prostaglandin jáde, èyí tí í mú kí ó máa fún ara rẹ̀ pọ̀. Bí ó bá kan ìfun, ìgbẹ́ a rọ̀. Ẹni tí ìfun ti ń yọ lẹ́nu tẹ́lẹ̀ a jìyà jù ní ọjọ́ wọnnì.

3. Iṣẹ́ àníyàn. Ní ọdún 1822 ìbọn ba Alexis St. Martin ní Amẹ́ríkà. Ọgbẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ihò kan kù tí a lè gbà wo inú àpòlúkù rẹ̀. Dókítà William Beaumont wò ó, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1833 pé ìbínú àti ìbẹ̀rù a máa da iṣẹ́ àpòlúkù rú. Lóde òní a mọ̀ pé bí ọkàn bá dàrú, nítorí gbèsè, ọ̀fọ̀ tàbí owó ilé-ìwé ọmọ, kókó kékeré tí ó wà lórí kíndìnrín a tú cortisol àti adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Bí èyí bá pẹ́, iṣan inú a di ẹlẹ́gẹ́, tí ohun kékeré fi ń dùn ún. Nínú àyẹ̀wò tí a fi eku ṣe, a rí i pé oestrogen lè mú kí ìdààmú dá kún ìrora ìfun. Ìrora bí ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù sì tún bí ìrora.

4. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Kí obìnrin sàmì sí ọjọ́ nǹkan oṣù àti ọjọ́ ìrora lára àlmánákì yìí fún oṣù mẹ́ta, kí ó sì fi han nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Kí ó fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná, tí kò lè bó ara, lé ikùn. Kí ó sùn tó, kí ó sì máa rìn díẹ̀. Kí ó má ṣe gbé oògùn ìyàgbẹ́ líle mu: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí ọkọ àti ìyá ọkọ má ṣe fi ọ̀rọ̀ gún un, nítorí ọ̀rọ̀ líle pàápàá ń dá kún àìsàn náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo inú rírun ni ti oṣù tàbí ti àníyàn. Bí ìrora bá dé lójijì tí ó sì le, tàbí tí ó bá ibà, èébì tí kò dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ tàbí rírù rìn. Tàbí bí nǹkan oṣù kò bá wá, tí inú ń run ẹni ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí òòyì sì ń kọ́ni, kí a má ṣe dúró di ọ̀la. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wéré.

Ìbéèrè. (1) Èéṣe tí ìrora ilé ọmọ fi lè dàbí ti ìfun? (2) Kí ni àníyàn ń ṣe sí iṣan inú? (3) Àmì wo ni kò gbọdọ̀ di ọ̀la?