Ẹ̀KỌ́ WA FÚN OṢÙ YÌÍ: TÁYÀ ÌGBÀ ÒTÚTÙ LẸ́SẸ̀ ỌKỌ̀ TÓ TI DÀGBÀ

 

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn táyà. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ dírẹ́bà àti mẹkáníìkì nìyẹn. Ta ló ń wọ bọ́ọ̀sì ní aago mẹ́rin ìdájí lọ sí ọjà oko? Àwa ni. Ta ló ń jókòó sáàárín àpò gaàrí nínú bọ́ọ̀sì tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ? Àwa náà ni. Púpọ̀ nínú wa ló sì ti fi owó àjọ ra ọkọ̀ fún ọkọ tàbí fún ọmọ. Nígbà tí táyà bá gbó, ìdí ìró wa ni wọ́n ń wò.

Táyà kò mọ ẹni ńlá, kò mọ mẹ̀kúnnù. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2016, Ọ̀gbẹ́ni James Ocholi, tó jẹ́ mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́nà Kàdúná sí Àbújá. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, sọ pé táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn ló bẹ́. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ mínísítà, ẹ wá wo bọ́ọ̀sì tiwa tó ru ata, tó ru iṣu, tó tún ru èèyàn.

Ọ̀rọ̀ kan péré la fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: gíga ojú táyà kọ́ ni ẹ̀mí táyà. Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

NÍBO NI TÁYÀ TÒKUNBỌ̀ TI Ń WÁ?

Nígbà kan, à ń ṣe táyà nílẹ̀ wa níbí. Michelin ní ilé iṣẹ́ ní Port Harcourt, Dunlop ní tiẹ̀ n'Íkejà. Michelin ti tiẹ̀ pa ní ọdún 2007, Dunlop sì dáwọ́ dúró ní ọdún 2008. Látìgbà náà, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú táyà tí à ń lò ti ń wá. Tuntun wọ́n, ni olówó kékeré bá yà sọ́dọ̀ tòkunbọ̀. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ka táyà àlòkù mọ́tò kéékèèké mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó wọ̀lú, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń tò ó jọ gègèrè lọ́jà.

Ní Jámánì àti àwọn ilẹ̀ olótùútù mìíràn ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní mọ́tò ló ní táyà oríṣi méjì: ọ̀kan fún ìgbà ooru, èkejì fún ìgbà òtútù. Bí oṣù kẹwàá bá wọlé, wọ́n á de ti òtútù mọ́ ọn. Bí Àjíǹde bá sún mọ́lé, wọ́n á tú u. Òfin Jámánì ni pé bí yìnyín bá bo títì, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wakọ̀ láìní táyà òtútù. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n tún mú òfin náà le sí i. Táyà tí lẹ́tà M+S nìkan wà lára rẹ̀ kò tó mọ́, àfi èyí tó ní àwòrán òkè àti yìnyín.

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó mọ̀ nípa mọ́tò lọ́hùn-ún máa ń gbà wọ́n níyànjú pé bí ihò ojú táyà òtútù kò bá jìn tó mìlímítà 4 mọ́, kí wọ́n yọ ọ́, nítorí kò lè di yìnyín mú dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n mìlímítà 1.6 ni òfin ní kí a tó pè é ní táyà tó ti pá. Nítorí náà, bí irú táyà bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa, ojú rẹ̀ ṣì ga. Èkejì, oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n ń lò ó lọ́dún, á wá sinmi nínú ilé fún oṣù mẹ́fà tó kù. Ojú rẹ̀ kò tètè jẹ, ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún. Ó dúdú, ó ń dán, ó dà bí ọmọge, ìyá àgbà sì ni.

KÍ LÓ BURÚ NÍBẸ̀?

Ẹ̀yin tó ń ta òrí àti epo pupa ni ó máa tètè yé. Nígbà ọyẹ́, epo a máa dì, òrí a máa le. Bí oòrùn bá ta sí i, á rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà. Nínú òtútù ilẹ̀ wọn, táyà lásán á le bí igi, á sì máa yọ̀. Ni àwọn tó ń ṣe é bá po rọ́bà mìíràn tí kì í le kódà bí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ dígírì 7. Wọ́n tún fi nǹkan mímú sín in ní gbẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ káàkiri ojú rẹ̀, kí ó lè máa di yìnyín mú.

Nílé wa níbí, ọ̀sán ẹ̀rùn lè tó dígírì 35, ọ̀dà ojú títì sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rọ́bà tí wọ́n pò fún òtútù á wá rọ̀ jù. Á tètè jẹ. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, á máa mì. Bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á rìn jìnnà kó tó dúró. Ẹ wá fi ẹrù wúwo, eré àsápajúdé àti afẹ́fẹ́ tí kò tó kún un. Inú táyà á gbóná, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára wáyà tó dì í mú, ó kù díẹ̀ kó bẹ́ nìyẹn.

BÍ A ṢE Ń KA TÁYÀ

Kò sẹ́ni nínú wa tó máa ra mílíìkì inú agolo láìwo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Kò sì sẹ́ni tó máa ra apẹ̀rẹ̀ tòmátò láìwo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ojú kan náà ni kí ẹ fi wo táyà.

1. Ẹ wo àmì òtútù. Ó jẹ́ àwòrán òkè olórí mẹ́ta, wọ́n sì ya yìnyín sí àárín rẹ̀ bí ìràwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Bí ẹ bá rí i, àti òtútù ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. M+S nìkan lè wà lára àwọn táyà jíìpù mìíràn, nítorí náà ẹ wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú: bí gbẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ bá pọ̀ níbẹ̀, ti òtútù ni.

2. Ẹ wo ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ wá lẹ́tà DOT. Ní ìparí ìlà náà, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, kò tíì tó ọdún 2000 tí wọ́n ti ṣe é, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ kò bá rí i ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ yí táyà padà, torí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí. FRSC ń kìlọ̀ pé kí táyà má ṣe ju ọdún 4 lọ sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á o, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni.

3. Ẹ wo ẹrù tó lè rù. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́ ló ń lo 185R14C, tí 102/100 tẹ̀ lé e. C yẹn ni pé táyà akẹ́rù ni. 102 ni pé táyà kan lè ru kílò 850, ìyẹn àpò ìrẹsì oníkílò 50 mẹ́tàdínlógún. Táyà mọ́tò kékeré tí wọ́n kọ 185/60R14 82 sí wọ rímù oní-14 bákan náà, ṣùgbọ́n kílò 475 ni agbára rẹ̀, kò tó àpò mẹ́wàá. Mẹ́rin 102 jẹ́ kílò 3,400. Mẹ́rin 82 jẹ́ kílò 1,900. Ẹ rántí pé ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú ìṣirò yìí, kì í ṣe ẹrù àti èèyàn nìkan. Ẹni tó bá ní "wọ́n dọ́gba, ó máa wọ̀ ọ́", òótọ́ ni, ó máa wọ̀ ọ́. Ṣé ó máa rù ú?

4. Ẹ wo ara rẹ̀ níta àti nínú. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá sán wẹ́wẹ́ bí gìgísẹ̀ ìgbà ọyẹ́, ó ti gbó. Bí ó bá yọ kókó níbì kan, wáyà inú rẹ̀ ti já. Àwọn kan máa ń fi irin gbígbóná tún ihò ojú táyà tó ti pá gbẹ́, wọ́n á sì kùn ún ní dúdú. Ẹ tọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bí ó bá ká kọ́rọ́kọ́rọ́, tàbí tí etí rẹ̀ tó máa ń jókòó sí rímù bá ti wọ́, ó lè jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ki táyà mẹ́ta mẹ́rin bọnú ara wọn bí abọ́ kí wọ́n lè kó púpọ̀ wọlé. Wáyà tó bá ti ṣẹ́ nínú kò ṣeé tún ṣe.

5. Ẹ fi igi ìṣáná wọn ihò ojú rẹ̀. Igi ìṣáná nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 2. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sínú ihò tó yọ sókè, táyà ti fẹ́ẹ̀ pá tán. Bí ó bá rì, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ padà lọ sí nọ́ńbà kejì, ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìyẹn ló jù.

RÍMÙ ŃKỌ́?

Nígbà mìíràn, táyà òtútù máa ń wá pẹ̀lú rímù onírin rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tú u pọ̀ lọ́hùn-ún. Rímù yìí lè wúlò fún yín ju táyà orí rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ka ihò rẹ̀: ihò mẹ́rin kò lè wọ ibi ihò márùn-ún. Bí iye ihò tilẹ̀ dọ́gba, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì gbé e sí i kó wò ó bóyá ihò àárín rẹ̀ jókòó ṣinṣin. Bóòtù ni Golf ń lò, nọ́ọ̀tì ni Toyota ń lò, orí wọn kò sì jọra, nítorí náà rímù ọ̀kan lórí èkejì lè tú lójú ọ̀nà. Rímù tó ti sán tí wẹ́dà jó pọ̀, ẹ má gbà á, pàápàá rímù alọ́ì.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ OWÓ

Àwọn àgbà ní ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé tuntun jẹ́ ₦60,000, tòkunbọ̀ sì jẹ́ ₦30,000. Bí tuntun bá lo oṣù 36, nǹkan bíi ₦1,670 ló ń jẹ lóṣù. Bí tòkunbọ̀ bá lo oṣù 10, ₦3,000 ló ń jẹ lóṣù. Èwo ló wá wọ́n? A kò tíì ka owó ẹrù tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà, a kò sì lè ka owó ẹ̀mí.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká mẹ́rin tuntun lẹ́ẹ̀kan, kó ra méjì, kó de wọ́n sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ni ẹrù wúwo sí, táyà ẹ̀yìn tó bẹ́ ló sì máa ń mú ọkọ̀ fì bí òòyì. Ìgbà tó bá yá, á ra méjì tó kù. Méjì tó wà níwájú gbọ́dọ̀ jọra, méjì tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ jọra. Kí a má de ti òtútù sọ́tùn-ún, ti ooru sósì. Ẹni tó bá ń dá àjọ lè ya owó táyà sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ bí a ti ń ya owó iléèwé ọmọ.

Ẹni tí táyà òtútù bá ti wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ báyìí, tí owó kò sì sí, kó má fi rin ọ̀nà jíjìn lọ́sàn-án gangan, kó dín ẹrù kù, kó dín eré kù, kí ó sì tètè pààrọ̀ rẹ̀.

AFẸ́FẸ́

Ìdájí tí táyà tutù ni kí fọkanáísà fi gééjì wọ̀n ọ́n. Iye tó yẹ sábà máa ń wà lára ilẹ̀kùn dírẹ́bà tàbí nínú ìwé ọkọ̀. Àwọn kan gbà pé oòrùn mú, kí wọ́n tú díẹ̀ dànù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ tó kéré ló ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ táyà máa ká, ìyẹn ló sì ń gbóná.

IṢẸ́ TÍ Ẹ Ó ṢE KÍ ÌPÀDÉ TÓ Ń BỌ̀ TÓ PÉ

Kí ẹni tó ní ọkọ̀ mú ìwé àti bírò, kó kọ nọ́ńbà mẹ́rin DOT táyà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ó má gbàgbé ìsépà. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó mú ọmọ rẹ̀ dání. A ó jọ kà wọ́n.

Ẹ̀yin tí kò ní ọkọ̀, ẹ̀yin náà ní iṣẹ́. Nígbà tí a bá jọ háyà bọ́ọ̀sì lọ sọ́jà oko, kí ẹni méjì nínú wa yí ọkọ̀ náà ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kí a tó di ẹrù. Owó wa ni dírẹ́bà fẹ́ gbà, a lẹ́tọ̀ọ́ láti wò. Bí ó bá bínú, ẹ rọra sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ máà bínú, ẹ̀mí tiyín náà là ń wò." Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀, bọ́ọ̀sì pọ̀ ní gáréèjì.

A kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín.