Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ẹ̀kọ́ Ìwà fún Ẹni Tó Ń Kéwú Lórí Fóònù



Ní ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà mú kí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, a gbé kíláàsì kéwú wa ní Bẹẹrẹ lọ sórí WhatsApp. Ilé-kéwú ti ṣí padà, ṣùgbọ́n a kò pa kíláàsì orí fóònù náà rẹ́, nítorí àwọn tó ń tajà ní ọ̀sán.

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń tajà ní Ọjà'ba ka kéwú, ó sì fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́. Ibi tó yẹ kí ó ti pe qalb, èyí tí í ṣe ọkàn, kalb ni ó pè, èyí tí í ṣe ajá. Kò pẹ́ tí arákùnrin kan fi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àṣé ajá lo gbé sáyà!" Àwọn mìíràn fi àwòrán ẹ̀rín gbè é. Àwa olùkọ́ dákẹ́, a sì jẹ̀bi. Láti ọjọ́ náà, ìyá yìí kò kà mọ́. Nígbà tí a lọ bá a ní ìsọ̀, ó ní: "Àáfà, kí n máa gbọ́ tiyín nìkan ti tó mi."

Ẹ̀yin ọmọ-ìyá wa, èdè Yorùbá kò ní qāf. Láti ìdí ahọ́n, lọ́nà ọ̀fun, ni ó ti ń jáde. Ẹnu wa níláti kọ́ ọ ni. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ti fi yé wa pé ẹni tí Àlùkùránì ń nira fún, tó sì ń kà á bẹ́ẹ̀, ẹ̀san méjì ni tirẹ̀. Ta ni ó yẹ kí á fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín?

Bí a bá jọ jókòó, ojú wa yóò fi hàn pé eré ni à ń ṣe. Lórí fóònù kò sí ojú; ọ̀rọ̀ nìkan ló kù. Nítorí náà:

Èkíní: Súratul-Hujurāt, āyah 11, kọ̀ fún wa láti fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹnìkan bá ṣì í kà, ẹ ka èyí tó tọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí òun nìkan.

Èkejì: Āyah 12 súrà náà kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe gbé ohùn tàbí àṣìṣe ará kíláàsì lọ fún ará ìta.

Ẹ̀kẹta: Orúkọ orí fóònù kì í sọ ọjọ́ orí. Ẹ fi sàláámà ṣáájú, kí ẹ sì máa lo "ẹ" títí ẹ ó fi mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹrin: Níbi tí a ti ṣẹ̀ ni kí á ti tọrọ àforíjì.

Èyí ni arákùnrin náà ṣe, lójú gbogbo kíláàsì. Àwa náà sì bẹ̀bẹ̀. Ìyá náà ti ń kà padà. Qāf rẹ̀ kò tíì dán, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun tún ahọ́n wa àti ìka wa ṣe. Àmín.