Àwọn Àlùmọ́ọ́nì tí Ń Bá Ara Wọn Rìn

Bí ọdẹ bá wọ inú igbó, kì í ṣe ẹran gan-an ni ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Ipasẹ̀ ni ó ń rí, àti ewé tí ẹran já jẹ. Láti ara ìwọ̀nyí ni ó ti ń mọ irú ẹran tí ó kọjá àti ọ̀nà tí ó gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àwọn tí ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Wúrà kì í pariwo pé òun nìyí. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tí ó máa ń bá gbé. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọ̀nyí lè fi èyí tí ó rí wá èyí tí kò tíì rí.

Kí ni ó fà á tí àwọn òkúta kan fi máa ń wà pọ̀? Ibi kan náà ni a ti bí wọn. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ooru lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àpáta yóò yọ́. Bí àpáta tí ó yọ́ náà bá ń tutù, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dì. Àwọn èròjà tí ó wọ́pọ̀ a kọ́kọ́ dì. Àwọn tí kò rí àyè láàrin wọn a ṣẹ́kù sẹ́yìn, wọn a sì jùmọ̀ dì sí ojú kan níkẹyìn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, ní agbègbè Ìjerò-Èkìtì, a ń rí tánńganran, a ń rí tantalite, a sì ń rí òkúta tí lítíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọgbọ́n yìí ṣe ní ilẹ̀ Botswana. Ní 1955 ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ De Beers, tí Gavin Lamont jẹ́ olórí wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá dáyámọ́ńdì níbẹ̀. Dáyámọ́ńdì ṣọ̀wọ́n púpọ̀, àní nínú àpáta kimberlite tí ń gbé e wá sókè láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá òun nìkan lè wá a títí kí ó má rí i. Ṣùgbọ́n àpáta kan náà a máa gbé garnet tí ó pupa àti ilmenite tí ó dúdú wá pẹ̀lú, ìwọ̀nyí sì pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Nítorí náà wọn a bu iyanrìn, wọn a jọ̀ ọ́, wọn a sì ṣa kóró pupa àti dúdú inú rẹ̀ kà. Ibi tí kóró náà bá ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń tọ̀. Lẹ́yìn ọdún 12, ní 1967, wọ́n dé Orapa, wọ́n sì bá àpáta ńlá tí dáyámọ́ńdì wà nínú rẹ̀. Ní 1966 ni Botswana gba òmìnira, ó sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tálákà jù lọ láyé nígbà náà. Owó dáyámọ́ńdì ni ó fi la ọ̀nà, tí ó sì fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́.

Ti Jwaneng tilẹ̀ yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iyanrìn aṣálẹ̀ Kalahari ti bo àpáta ibẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ta ni yóò wá ru kóró garnet la inú iyanrìn náà kọjá wá sókè? Ikán ni! Ikán a máa wa ilẹ̀ lọ jìnnà nítorí omi; bí wọ́n sì ti ń ru erùpẹ̀ bọ̀ ni wọ́n ń ru àwọn kóró wọ̀nyí mọ́ ọn. Ní 1973 ni wọ́n rí àpáta náà. Ní 1982 ni wọ́n ṣí ibi ìwakùsà rẹ̀, ó sì wà lára èyí tí ó lówó lórí jù lọ láyé.

Lóde òní, ìrántí ẹnì kan kò tó fún iṣẹ́ yìí mọ́. Ní 2023, Shaunna Morrison, Robert Hazen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà lo kọ̀ǹpútà láti yẹ àkọsílẹ̀ oríṣi àlùmọ́ọ́nì 5,478 wò, láti ibi 295,583 káàkiri ayé. Kọ̀ǹpútà náà ṣírò èyí tí ó máa ń wà pẹ̀lú èyí. Lẹ́yìn náà, bí a bá ti mọ ohun tí ó wà ní ibì kan, ó lè sọ ohun tí ó yẹ kí ó tún wà níbẹ̀. Àfonífojì Tecopa, ní aṣálẹ̀ Mojave, ni wọ́n ti dán an wò. Èyí kì í ṣe idán; iṣẹ́ ọdẹ náà ni.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ipasẹ̀ ni ẹran. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àpáta kimberlite ni kò ní dáyámọ́ńdì tí ó tó wà. Àmì ń sọ ibi tí ó yẹ kí a gbẹ́. Gbígbẹ́ ni yóò sọ òtítọ́.

Ohun kan sì tún kù tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Kì í ṣe gbogbo ẹlẹgbẹ́ ni ó dára. Àgùntàn tí ó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Wúrà àti òjé a máa wà nínú àpáta kan náà nígbà mìíràn, òjé sì jẹ́ májèlé. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ará abúlé ń gbé òkúta wúrà wá sílé, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ lójúde ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Wúrà nìkan ni ojú wọn wà lára rẹ̀. Eruku òjé bo ilẹ̀, ó bo oúnjẹ, ó sì wọ inú àwọn ọmọ. Ní 2010 ni a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ọmọ tí ó kú sì lé ní 400. Bí ẹni tí ó mọ ẹlẹgbẹ́ wúrà bá ti kìlọ̀ fún wọn ní àkókò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ìbá yè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹni tí ó bá rí ohun kan nínú ilẹ̀ kí ó béèrè ohun méjì: ọrọ̀ wo ni ó tún lè bá èyí rìn? Ewu wo ni ó lè bá a rìn? Ẹni tí ó béèrè èkínní nìkan kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ náà tán.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí àwọn òkúta kan fi máa ń wà ní ojú kan náà?
2. Iṣẹ́ wo ni ikán ṣe ní Jwaneng?
3. Ṣàlàyé gbólóhùn yìí: “Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ipasẹ̀ ni ẹran.”
4. Kọ àròkọ kúkúrú lórí ohun tí ìwọ ìbá sọ fún ará abúlé tí ó ń lọ òkúta wúrà lójúde ilé rẹ̀.