Ayò, Lúdò àti Ṣẹ́ẹ̀sì: Níbo ni Eré Parí sí, Níbo ni Tẹ́tẹ́ ti Bẹ̀rẹ̀?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá iṣẹ́ fún ara tí ó sì dá ìsinmi fún ọkàn. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí eré orí ọpọ́n. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ó ti bá mi nílé.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Àláásárì, mo ń kọjá ní òpópónà kan ní Mushin. Mo rí mẹ́ta nínú àwọn ọmọ kéwú mi lábẹ́ àgọ́ páànù, wọ́n yí pátákó lúdò ká. Ọ̀kan nínú wọn gbé ojú sílẹ̀ nígbà tí ó rí mi. Owó tí ìyá rẹ̀ fún un láti fi sanwó ìdánwò ti lọ sórí pátákó náà. Mínírà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ta á, pé ẹni tí wọ́n bá pa ni yóò rà á. Lẹ́yìn náà ó di náírà àádọ́ta, ó di igba náírà, ó sì di ohun tí apá kò ká mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. Ó ní: "Ústáàsì, ẹ má bínú. Ṣé ẹ rántí ọdún tí ẹ gba ọpọ́n ayò wa ní ilé-kéwú? A bi yín léèrè ìdí, ẹ ní gbogbo eré orí ọpọ́n ni harámù, ó parí. Èmi sì fẹ́ràn ayò. Mo wá wò ó pé bí mo bá ti ń dẹ́ṣẹ̀ lórí ayò lásán, kí ni lúdò olówó tún fi burú jù ú lọ?"

N kò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti pa ààlà rẹ́ mọ́ ọmọ náà lójú. Nínú Súrà an-Nahl, áyà 116, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe jẹ́ kí ahọ́n wa máa dá "èyí hàláálì, èyí harámù" sílẹ̀ láìní ẹ̀rí. Nítorí náà mo padà sí inú ìwé, mo sì fẹ́ kí a jọ kà á.

1. ÒṢÙWỌ̀N TÍ AL-KÙRÁNÌ FÚN WA

Nínú Súrà al-Mā'idah, áyà 90, Ọlọ́hun ka ọtí, tẹ́tẹ́, ère òrìṣà àti ọfà tí wọ́n fi ń dìbò pọ̀ sójú kan, Ó pè wọ́n ní ẹ̀gbin iṣẹ́ èṣù, Ó sì ní kí a jìnnà sí wọn. Ní áyà 91, Ó sọ ohun tí èṣù ń wá nínú ọtí àti tẹ́tẹ́: láti dá ọ̀tá àti ìkórìíra sílẹ̀ láàrin wa, àti láti dínà ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun mọ́ wa.

Ẹ di áyà kejì yìí mú dáadáa. Ó kọ́ wa pé eré kan lè má ní kọ́bọ̀ nínú, kí ó sì tún máa ṣe iṣẹ́ tí tẹ́tẹ́ ń ṣe, bí ó bá ti ń da ọ̀rẹ́ rú tí ó sì ń gba ìrun lọ́wọ́ ẹni.

2. AYÒ ỌLỌ́PỌ́N

Gbogbo wa ni a mọ ayò. Ihò 12 ni ó wà lára ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 48 ni, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni méjì ni ó ń ta á. Kò sí ohun tí a fi pamọ́ nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí a ń jù sókè kí a tó mọ ibi tí ọwọ́ yóò lọ. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò, tí ó lè rí ibi tí ọmọ ayò tí ó gbin yóò parí sí kí ó tó gbé e, òun ni yóò jẹ.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo padà sínú ìwé ni pé eré yìí kò ṣàjèjì sí àwọn onímímọ̀ àtijọ́. Nínú ìwé àwọn tí ń tẹ̀lé Ìmáàmù Ṣáfíì, bí irú èyí tí Ibn Hajar al-Haytami kọ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọ́n dárúkọ eré kan tí à ń pè ní manqala: ihò tàbí ìlà tí a ń kó òkúta kéékèèké láti inú ọ̀kan bọ́ sínú òmíràn pẹ̀lú ìṣirò. Ẹbí ayò wa nìyẹn. Òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé eré tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣirò àti ìrònú kì í ṣe harámù, ṣùgbọ́n èyí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ orí-ire lásán, ọ̀nà harámù ni ó gbà.

Orí òfin yìí ni dráàfù àti Scrabble náà yóò bọ́ sí. Ọmọ Nàìjíríà kan, Wellington Jighere, ni ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble ní Perth, Ọsirélíà, ní ọdún 2015, òun sì ni ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀-èdè ni wọ́n fi ń jagun níbẹ̀.

3. ṢẸ́Ẹ̀SÌ

Láti Íńdíà ni ṣẹ́ẹ̀sì ti dé Páṣíà, láti Páṣíà ni ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá, tí wọ́n ń pè é ní shatranj. Àwọn onímímọ̀ hádíìsì sọ pé kò sí hádíìsì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ẹnu Ànábì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) lórí rẹ̀, nítorí náà ni ohùn wọn kò ṣe ṣọ̀kan.

Ìmáàmù Málíkì, ẹni tí ọ̀pọ̀ mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀, kò rí oore kankan nínú rẹ̀, ó sì kórìíra rẹ̀. Ó wà nínú ìwé rẹ̀, Muwatta. Àwọn tí ń tẹ̀lé Ìmáàmù Àbù Hànífà àti Ìmáàmù Áhmádù náà le sí i. Ọ̀nà Ìmáàmù Ṣáfíì ni pé mákúrúù ni, kò dé ipò harámù, bí owó kò bá sí níbẹ̀, bí kò bá gba àkókò ìrun, bí kò sì bá fa ọ̀rọ̀ burúkú. Láyé òde òní náà, àríyànjiyàn yìí kò tí ì tán. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, Mùfútì àgbà ilẹ̀ Saudi Arabia sọ pé harámù ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, ìlú Riyadh kan náà gba àlejò ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé.

Kí ni kí ọ̀dọ́ ṣe? Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ Ìmáàmù Málíkì ṣe dáadáa. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ọ̀nà Ìmáàmù Ṣáfíì, kí ó pa májẹ̀mú rẹ̀ mọ́ pátápátá. Kí ẹnì kan má sì pe ẹnì kejì ní kèfèrí tàbí òpè nítorí rẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan nítòsí wa. Ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa, tí Tunde Onakoya dá sílẹ̀ ní ọdún 2018, ti kọ́ àwọn ọmọ Makoko, ní etí ọ̀sà lẹ́yìn Yaba níhìn-ín, ní ṣẹ́ẹ̀sì, láti lè fà wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ọ̀gbẹ́ni náà ta á fún wákàtí 60 ní Times Square, ní ìlú New York, láti fi wá owó fún ẹ̀kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Èrò rere ni. Síbẹ̀, ẹ bá mi ṣírò: wákàtí 60 jẹ́ ọjọ́ méjì ààbọ̀, ìrun bíi méjìlá ni yóò wọlé tí yóò jáde nínú rẹ̀. Mùsùlùmí tí ó bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò ní láti kọ́kọ́ wá ibi tí ìrun méjìlá yẹn yóò wọ̀.

4. LÚDÒ ÀTI DÁÌSÌ

Níbi ni ọ̀rọ̀ ti le. Nínú Sahih Muslim, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) fi ẹni tí ń ta nardashīr, eré àwọn ará Páṣíà tí a ń fi dáìsì ta, wé ẹni tí ó ki ọwọ́ rẹ̀ bọ ẹran àti ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ sọ pé harámù ni eré náà, ìbáà má ṣe owó. Díẹ̀ nínú àwọn Ṣáfíì sọ pé mákúrúù ni bí owó kò bá sí.

Lúdò kì í ṣe nard gan-an. Láti ara eré kan ní Íńdíà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe é. Ṣùgbọ́n dáìsì ni ó ń darí àwọn méjèèjì. Nítorí náà ni àwọn onímímọ̀ kan fi sọ pé ìdájọ́ wọn kò yàtọ̀, tí àwọn mìíràn sì sọ pé owó ni ó ń sọ ọ́ di harámù. Ohun tí mo yàn fún ara mi àti àwọn ọmọ kéwú mi ni láti fi í sílẹ̀, nítorí ohun tí ó bá ń fura sí ọkàn, yíyẹra fún un ni ó dára jù.

Àwọn kan á ní: "Àwa kì í fi owó ta á, owó pátákó nìkan ni." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹni tí wọ́n pa bá ni yóò san owó pátákó, tàbí tí yóò ra mínírà, tẹ́tẹ́ ni, nítorí pé ẹnì kan jèrè, ẹnì kan sì pàdánù, lórí ẹni tí ó borí. Bí gbogbo yín bá jọ dá owó náà dọ́gba kí eré tó bẹ̀rẹ̀, láìka ẹni tí ó borí sí, ìyẹn kò sí nínú tẹ́tẹ́.

5. ÈRE KÉKERÉ ÀTI ỌDÀ

Arábìnrin kan bi mí nípa àwọn eré tuntun tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, tí ó ní àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí ẹni tí ó rà wọ́n yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ní ọ̀dà. Ìkìlọ̀ tí ó wà lórí àwòrán àti ère ohun ẹlẹ́mìí lágbára púpọ̀. Òótọ́ ni pé Ìyá wa Áíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ní ọmọlangidi, Ànábì kò sì kọ̀ ọ́ fún un. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ onímímọ̀ fi yọ ohun ìṣeré ọmọdé sílẹ̀. Àgbàlagbà tí ó ń to ère sórí àga ní iyàrá kò lè sá sábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó mọ ọ̀dà kùn kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ibn Abbās gba ayàwòrán kan nímọ̀ràn pé kí ó ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Àwọn ọ̀nà-ọwọ́ mùsùlùmí náà ti gba ọ̀nà yìí nínú ṣẹ́ẹ̀sì: ní ilé ìṣúra Metropolitan ní New York, ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì ará Nishapur kan wà láti ọ̀rúndún kejìlá, kò sí ojú, kò sí imú lára ọba tàbí ẹṣin inú rẹ̀, síbẹ̀ ó rẹwà. Ẹ̀yin náà ẹ gbẹ́ ọpọ́n ayò, ẹ kun pátákó dráàfù, ẹ fi òdòdó àti ewé ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

6. ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN KÍ A TÓ JÓKÒÓ

(i) Ṣé ẹnì kan yóò pàdánù owó tàbí ohun kan bí wọ́n bá pa á? (ii) Ṣé orí-ire dáìsì ni ó ń darí rẹ̀ ni, àbí ìrònú? (iii) Ṣé a ó dìde kí a tó pe ìrun? (iv) Ṣé èébú, ìbúra èké àti ìjà kò sí níbẹ̀? (v) Ṣé kò gba àkókò iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí ti òbí? Bí ọ̀kan bá ti wọ́, ẹ dìde.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, mo bá ọmọ náà lọ jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ owó náà kò dá a padà títí di òní. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé ọpọ́n ayò wọn jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ kíláàsì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìrun tó wọlé ni a ń pa ọpọ́n dé. Ọmọ náà ni ó ń pa á dé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ẸGBẸ́

1. Kí ni ohun méjì tí áyà 91 sọ pé èṣù ń wá nínú tẹ́tẹ́?
2. Kí ni ó ya ayò sọ́tọ̀ kúrò lára lúdò?
3. Nígbà wo ni owó pátákó di tẹ́tẹ́?
4. Irú eré wo ni ẹgbẹ́ wa lè pèsè fún àwọn ọ̀dọ́ tí ilé tẹ́tẹ́ ń pè?

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí yóò ṣe wá láǹfààní kọ́ wa. Àmín.