Ejò Olóró àti Ejò Aláìlóró

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Ìṣọ̀kan ni òwe náà ń kọ́ wa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ojú inú wò ó yóò rí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Nínú ejò mẹ́ta wọ̀nyí, méjì ni ó ní oró. Òjòlá tí ó tóbi jù wọ́n lọ kò ní oró rárá.

Irú ejò tí ó wà ní ayé lé ní 3,000. Nǹkan bí 600 nínú wọn ni ó ní oró. Oró yìí jẹ́ omi kan tí ń sun sínú àpò kéékèèké lẹ́yìn ojú ejò. Bí ejò bá bu ènìyàn ṣán, omi náà yóò gba inú eyín rẹ̀ wọ ara onítọ̀hún. Oró ọká àti paramọ́lẹ̀ a máa ba ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Oró ọ̀pọ̀ ejò kóbúrà, tí ń fẹ ọrùn bí abẹ̀bẹ̀, a máa mú kí iṣan tí a fi ń mí rọ, títí èémí yóò fi pin. Ti òjòlá kò rí bẹ́ẹ̀: ṣe ni ó ń wé mọ́ ẹran, tí yóò sì fún un pa kí ó tó gbé e mì.

Síbẹ̀, kò sí àmì kan ṣoṣo tí a lè fi mọ ejò olóró káàkiri ayé. Títóbi kì í ṣe ẹ̀rí. Anakọ́ńdà, ejò inú omi ní Gúúsù Amẹ́ríkà, lè wúwo ju ènìyàn lọ, kò sì ní oró. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ ọ̀dàn apá àríwá Nàìjíríà, irú paramọ́lẹ̀ kékeré kan wà tí gígùn rẹ̀ kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Òun ni ó ń pa àwọn àgbẹ̀ jù lọ níbẹ̀. Àwọ̀ pẹ̀lú a máa tan ni jẹ. Ní Amẹ́ríkà, ejò olóró kan wà tí òrùka pupa àti dúdú yí ara rẹ̀ ká. Ejò mìíràn tí kò ní oró sì wọ irú aṣọ kan náà, àwọn ẹyẹ a sì máa sá fún un.

Bí oró ti yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni oògùn rẹ̀ yàtọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1895, Albert Calmette, dókítà ará Faransé, ń fún ẹṣin ní oró kóbúrà Éṣíà díẹ̀díẹ̀, títí ara ẹṣin náà fi lè kojú rẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin náà ni ó ti mú oògùn jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí Vital Brazil, dókítà ní São Paulo, dán an wò sí oró àwọn ejò Bùràsíìlì, kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: oògùn ilẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá ejò ilẹ̀ náà mu.

Nítorí náà, ẹni tí ejò bá bù ṣán kò gbọdọ̀ dúró máa rò ó bóyá olóró ni tàbí aláìlóró. Kí a má ṣe fi abẹ gé ojú ọgbẹ́ náà, kí a má sì fi okùn dì í pinpin. Kí ó wà ní jẹ́ẹ́, kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn ni ejò ń pa lọ́dọọdún; púpọ̀ nínú wọn ni ìbá yè bí wọ́n bá tètè rí oògùn tí ó yẹ.

Ẹni tí ó bá sì pàdé ejò lọ́nà oko, kí ó yà fún un. Ejò kì í wá ènìyàn kiri. Eku tí ń jẹ irè oko wa ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá.