Ẹ̀KỌ́ ILÉ-ÌDÁNÁ: Ọ̀dùnkún Òyìnbó àti Àjẹkù Itan Ẹlẹ́dẹ̀ nínú Wàrà

Nígbà tí Jésù bọ́ 5,000 ọkùnrin tán, ó pàṣẹ pé kí a kó àjẹkù jọ, agbọ̀n 12 sì kún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìyá ilé ní Amẹ́ríkà ń ṣe lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Itan ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi iyọ̀ pa mọ́, tí wọ́n ń pè ní háàmù, ni ẹran ọjọ́ náà, kì í sì í tán lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń sè pẹ̀lú ọ̀dùnkún òyìnbó àti wàrà. Ọ̀dùnkún yìí kì í ṣe èyí tí ó ládùn. Irú èyí tí a ń gbìn ní agbègbè Jos ni.

Ohun èlò: ọ̀dùnkún kílò 1, háàmù tí a ti sè, tí a sì gé wẹ́wẹ́, ife 2, wàrà, ife 3, bọ́tà, ṣíbí ìjẹun 3, ìyẹ̀fun àlìkámà, ṣíbí ìjẹun 3, àlùbọ́sà 1, ata díẹ̀.

1. Kí alásè kí ó kọ́kọ́ yẹ ọ̀dùnkún wò. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pa títí tí ara rẹ̀ fi di àwọ̀ ewé, tàbí tí ó korò, kí ó sọ ọ́ nù. Májèlé ń bẹ nínú rẹ̀ tí sísè kì í mú kúrò. Nítorí náà, inú òkùnkùn tí ó tutù ni kí a máa kó ọ̀dùnkún sí.

2. Kí ó bó o, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì gé e ní pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó má ṣe fi omi ṣàn án mọ́, nítorí ohun funfun bí ògì tí ń bẹ lára rẹ̀ ni ó ń mú kí wàrà ki.

3. Kí ó yọ́ bọ́tà, kí ó fi àlùbọ́sà rírẹ́ sí i títí yóò fi rọ̀, kí ó da ìyẹ̀fun lé e, kí ó sì máa bu wàrà sí i díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń rò ó, kí ó má baà ní kókó.

4. Kí ó to ọ̀dùnkún, háàmù àti wàrà náà ní ìpele-ìpele sínú àwo tí ó lè gba iná. Kí ó má fi iyọ̀ sí i láìtọ́ ọ wò, nítorí iyọ̀ ti pọ̀ nínú háàmù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ púpọ̀.

5. Kí ó bò ó, kí ó sì gbé e sínú ààrò tí a fi ń yan búrẹ́dì, ní ìwọ̀n ooru 180 ti Celsius. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45, kí ó ṣí i fún ìṣẹ́jú 30 sí i, títí ọ̀bẹ yóò fi wọ inú ọ̀dùnkún wọ́ọ́rọ́wọ́, tí òkè rẹ̀ yóò sì pọ́n. Bí ooru bá pọ̀ jù, wàrà yóò dì.

Ìkìlọ̀: Kí a má ṣe fi oúnjẹ yìí sílẹ̀ lórí tábìlì di ọjọ́ kejì. Wàrà àti ẹran a máa tètè bàjẹ́, oúnjẹ sì lè ti di olóró kí òórùn rẹ̀ tó yí padà. Àwọn ọmọdé àti arúgbó ni ó sì ń kọ́kọ́ ṣe ní ibi. Kí wákàtí 2 tó kọjá, kí a gbé e sínú fíríìjì, kí a sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 3. Nígbà tí a bá tún un gbé kaná, kí ó gbóná dé inú. Níbi tí kò bá sí fíríìjì, ìwọ̀n tí ilé lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan ni kí a sè. Àjẹkù tí a bá tọ́jú dáradára ni ó ń dín ìnáwó kù. Èyí tí a bá fi ṣeré a máa sọ owó ọjà di owó oògùn.